Ọmọ Ayò Mẹ́fà

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́kọ́ sọ "ẹ" fún mi lórí fóònù, ẹ̀rín ni mo bú sí. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti mọ́sálásí, mò ń to ìlẹ̀kẹ̀ sórí àtẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ní ní Peckham. Ó ní, "Ẹ kú ọjà o. Ṣé dáadáa lẹ wà?" Èmi tó ń pè ní olórí kunkun láti ìgbà tí mo ti ń rákòrò. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Èmi àbúrò yín ni o." Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo wà dáadáa. Iṣẹ́ ń lọ. Ẹ má ṣèyọnu." Fóònù sì kú.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta irun ní ẹ̀gbẹ́ mi. Mo ní Lọ́ńdọ̀nù ti ba ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mò ń ṣa ẹ̀fọ́, ọ̀rọ̀ náà padà wá bá mi, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣàdédé sọ "ẹ" fún àbúrò. Bí kò bá jẹ́ pé inú ń bí i, a jẹ́ pé ẹnìkan jókòó tì í, ó sì fẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni náà jókòó tì í. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Èmi kò jẹ́ kó di odidi nínú mi lọ́jọ́ náà, mo lọ se ọbẹ̀ mi.

Ẹ ò ní rí orúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Èmi kì í pè é lórúkọ, kì í ṣe pé mo ń fi nǹkan pamọ́, bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Ẹni tó bá ti ṣáájú rẹ mu ọmú ìyá rẹ, o ò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, tí irun orí mi sì funfun ju tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá, èmi ni yóò pè ní àgbà.

Eyín erin ni bàbá wa ń gbẹ́ nílé. Ẹ̀gbà ọwọ́ ló ń gbẹ́ jù, irú èyí tí àwọn ìjòyè máa ń wọ̀. Ó máa ń gbẹ́ owó ẹyọ yí etí rẹ̀ ká, ọ̀kan á tẹ̀ lé òmíràn títí wọn yóò fi pàdé. Bọ̀ọ̀dá ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ewé ìpín ha ẹ̀gbà náà kó lè dán, kí n sì gbá lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mo mọ òórùn rẹ̀. Bí ayùn bá ti ń kan eyín erin, ó máa ń rùn bí ìgbà tí dókítà eléyín bá fi ẹ̀rọ gbẹ́ eyín èèyàn. Títí di òní, bí mo bá lọ tọ́jú eyín mi ní Lewisham, ẹ̀yìnkùlé wa ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Bọ̀ọ̀dá. Bàbá bá a jà lórí rẹ̀ títí ó fi sú u. Ó ní kó máa fi ọ̀tún jẹun, kó máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n kó fi èyí tó bá wù ú di ọ̀bẹ mú, nítorí ọwọ́ kì í parọ́. Bó ṣe rí nìyẹn tí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ẹnu owó ẹyọ tí Bàbá bá gbẹ́ fi máa ń dà sí ọ̀tún, tí ti Bọ̀ọ̀dá sì máa ń dà sí òsì. Kò hàn sí gbogbo èèyàn. Ó hàn sí ẹni tó ti fi ewé ha wọn títí awọ ìka rẹ̀ fi bó.

Bàbá kì í sì í jẹ́ kó dìde bí iṣẹ́ kò bá tíì tán. Bí ọrùn bá ti ń ro ó, á ju ọmọ ayò mẹ́fà gba ojú fèrèsé sí àgbàlá. Mẹ́fà: fà mí jáde. Àwọn àgbà ló ń fi owó ẹyọ pàrokò bẹ́ẹ̀, àwa ọmọdé jí i lò. Bí mo bá ti rí ọmọ ayò mẹ́fà nílẹ̀, mo máa ń sáré wọlé lọ sọ pé, "Bàbá, Ìyá ń pe Bọ̀ọ̀dá." Ìyá kò pe ẹnikẹ́ni. Mo rò pé Bàbá mọ̀, ó kàn ń wò wá ni.

Nígbà tí a dé Lọ́ńdọ̀nù, ta ló fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ eyín erin? Òfin ìlú yìí ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀, àfi díẹ̀ tó bá ti pẹ́ gan-an tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ti yẹ̀ wò. Bọ̀ọ̀dá gbaṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Sydenham. Ó ń gbé wọn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bá wọn ṣàwàdà, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń na ọwọ́ rẹ̀ síwájú nígbà mìíràn, á máa wò ó, á ní ọwọ́ yìí ti ń gbàgbé. Ó máa ń dùn mí bó bá ń sọ bẹ́ẹ̀.

Níbi ìsìnkú kan ni ọkùnrin kan ti rí i. Bọ̀ọ̀dá wọ òrùka tó fi eegun màlúù gbẹ́, ọkùnrin náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo ń wò wọ́n lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkùnrin náà wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn, Yorùbá rẹ̀ sì dùn lẹ́nu bí ti ẹni tó ń kéde ọjà. Ó ní òun ní àwọn ohun àtijọ́ tó ti fọ́, òun ń wá ẹni tí yóò bá òun tún wọn ṣe.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọkùnrin yẹn ò wù mí."

Ó ní, "Ìwọ, ta ló wù ẹ́ rí? Ọkọ ẹ gan-an, ọdún mélòó ló fi bẹ̀ ẹ́?"

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bọ̀ọ̀dá fi iṣẹ́ Sydenham sílẹ̀, ó kó lọ síbi tí ọkùnrin náà ní kó máa gbé. Ó ní apá Catford ni, òun á fún mi ní àdírẹ́sì. Kò fún mi. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ kò fi lọ mọ́. Òun ló ń pè mí ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, nọ́ńbà kì í hàn, àti láti ìgbà yẹn ni "ẹ" ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, báyìí, torí òun ni gbogbo rẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni ìyá àti bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá orúkọ fún àwọn tó gbẹ́ ohun tó wà nínú àpótí gíláàsì wọn. Abẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé a kò mọ ẹni tó ṣe é. Ó máa ń bí i nínú. Ó máa ń sọ pé, "Aunty, they know the name of the man who bought it. Wọ́n tiẹ̀ mọ orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá. Ẹni tó ṣe é nìkan ni nobody asked." Á wá to fọ́tò sórí ìlẹ̀kẹ̀ mi, á máa fi etí ère kan wé etí òmíràn. Ojú rẹ̀ mú. Ahọ́n rẹ̀ ni kò mú tó bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ pe eyín erin, ẹ̀yìn erin ló máa ń pè. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ṣì máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, á ní, "Ẹ̀yìn erin kè? Ta ló fẹ́ gùn ún?" Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá mọ̀ pé ohunkóhun tí ọmọ náà bá rí, ọ̀dọ̀ mi ló ń mú un wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin oníkóòtù dúdú wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá. Ó ní, "Mummy, ẹ kú ọjà." Ó ń fọwọ́ kan àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹni yín ń kí yín o. Wọ́n ní ẹ mọ ọmọ kan ní mùsíọ́ọ̀mù. Ó dáa béèyàn ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Tó bá mú nǹkan wá fún yín pé kí ẹ bá òun wò ó, ẹ kàn sọ fún un pé ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ló máa gbọ́."

Mo ní, "Níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí dáadáa, ó wo irun orí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n? Èmi ti rò pé ẹ̀yin lẹ dàgbà. Bí wọ́n ṣe ń kí yín lórí fóònù, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà, kò ṣeé gbé mì. Ọ̀wọ̀ tí mo fi ń wọ̀ ọ́ láti kékeré, òun ni mo fi tú u fó. Ọkùnrin náà rọra rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Wọ́n wà dáadáa. Ẹ má ṣèyọnu." Bọ̀ọ̀dá ti sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an fún mi rí. Ó to àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó ti fọwọ́ kàn padà, ó tò wọ́n dáadáa ju bí mo ṣe tò wọ́n lọ, ó sì jáde.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù kò dún. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò dún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí Catford. Mo máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, màá rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn tó ń ra iṣu àti ẹja, màá máa fi imú wá a bí ajá. Òórùn adìyẹ díndín nìkan ni mo ń gbọ́.

Ìgbà tí mo ti sú ara mi ni ọmọ mùsíọ́ọ̀mù dé, ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ẹni tó bímọ. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ gbé fọ́tò mẹ́ta síwájú mi. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni, láti inú yàrá ìkẹ́rùsí wọn, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí òfin tó dé. Mo wò wọ́n dáadáa. Iṣẹ́ Bàbá ni. Owó ẹyọ pé yíká, ìlà ẹnu wọn dà sí ọ̀tún. Mo fẹ́ pariwo fún ayọ̀. Ọmọ náà kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wait, Aunty, ẹ jẹ́ kí n show yín eléyìí first." Ó tú aṣọ funfun kan, ó gbé ẹ̀gbà gan-an jáde. Ó ní wọ́n ní inú ẹrù olóògbé kan ni ó ti jáde, ẹni tó ń tà á fẹ́ kí mùsíọ́ọ̀mù jẹ́rìí sí i pé ọwọ́ kan náà ló gbẹ́ òun àti àwọn ti inú fọ́tò. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ kan náà, a jẹ́ pé ó ti pẹ́, títà rẹ̀ kò lòdì sófin. Ó ní òun ti sọ ẹni náà lórúkọ, Ọ̀gá Olówó Ẹyọ, títí tí òun á fi rí orúkọ rẹ̀ gan-an. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ ilé tó ń wò.

Mo gbé ẹ̀gbà náà. Wọ́n ti fi nǹkan kùn ún kó lè pọ́n bí ohun àtijọ́. Mo gbé e sún mọ́ imú. Lábẹ́ òórùn tíì àti èéfín, mo gbọ́ ilé dókítà eléyín.

Ọmọ náà ní, "One thing is strange sha. Lára àwọn tó kù, owó ẹyọ yẹn lọ round. Eléyìí, six péré, then nothing. Ibi tó kù plain. Bóyá ó kú kó tó parí ẹ̀."

Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà. Mẹ́fà, ìlà ẹnu wọn dà sí òsì.

Mo jókòó. Bí mo bá ní ó ti pẹ́, ọkùnrin yẹn á mọ̀ pé mo ń gbọ́ tirẹ̀, yóò máa fún Bọ̀ọ̀dá ní eyín gbẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi rọ. Bí mo bá sọ òtítọ́, ọlọ́pàá á wọ ọ̀rọ̀ náà, wọn ò sì ní béèrè bóyá wọ́n tì í mọ́lé ni àbí iṣẹ́ náà ló wù ú. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀. Mo rántí Bàbá. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ bí a bá ń fi nǹkan pamọ́ fún un ni pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin.

Mo ní, "Kì í ṣe ọwọ́ kan náà. Èyí tó wà nínú fọ́tò, bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò tíì pẹ́."

Ó ní, "Brother brother, Aunty? Àbí brother bíi church brother?"

"Ọmọ ìyá mi. Bọ̀ọ̀dá tó máa ń fi ẹ̀yìn erin bú ẹ."

Ojú rẹ̀ yí padà. Kò béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ó rọra gba ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ mi, ó dì í padà sínú aṣọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ayò fún un. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà, ó gbé fóònù rẹ̀.

Ọlọ́pàá tó wá jẹ́ obìnrin, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀. Ó béèrè orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo la ẹnu, kò jáde. Ó rò pé mo ń bò ó. Ọmọ mùsíọ́ọ̀mù gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń ṣàlàyé ìyẹn? Mo di ojú mi, mo pe orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n tún un pè. Ó ní kí n pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti ń pè é, ó dà bí ìgbà tí mò ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀ níta gbangba.

Àwọn ọlọ́pàá rí ibi tí Bọ̀ọ̀dá ti ń gbẹ́ eyín. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan ni ní Catford, tí ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ ti wà ní títì tipẹ́. Mo ti gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà nígbà tí mò ń fi imú wá a. Wọ́n mú mi lọ kí n lè wo ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga kan, iná kan tó rọ̀ sílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú funfun sì bo ilẹ̀ pátápátá. Kò sí ayùn, kò sí ọ̀bẹ, kò sí eyín kankan. Kò sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹní ìkírun rẹ̀ wà ní kíká lórí àga. Bọ̀ọ̀dá kì í fi ẹní ìkírun rẹ̀ sílẹ̀ lọ síbikíbi. Mo bi ọlọ́pàá náà pé ta ló sọ fún oníkóòtù dúdú pé à ń bọ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Mo gbà á gbọ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

Mo béèrè ìgbálẹ̀, wọn kò fún mi. Wọ́n ní ẹ̀rí ni lẹ́búlẹ́bú náà.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mùsíọ́ọ̀mù wá mú mi lọ wo káàdì tuntun tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀gbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ bàbá mi wà lórí rẹ̀, àmì ohùn rẹ̀ pé, ọmọ náà ti rí sí i. Gbogbo àwọn tó kù nínú àpótí yẹn ṣì jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀. Mo dúpẹ́, mo sì sunkún. Bàbá mi ti rí orúkọ rẹ̀ gbà, ọmọ rẹ̀ ni a kò mọ ibi tó wà. Ẹ̀gbà tirẹ̀ wà nínú ọ̀rá ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun, fóònù dún. Nọ́ńbà kò hàn. Mo gbé e kíákíá.

"Mummy, ẹ kú ọjà o. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Oníkóòtù dúdú ni. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ nǹkan kan tó ń lọ tó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ nǹkan líle. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti sùn tì í, mo ti jí tì í.

Ó ní, "Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Nǹkan mìíràn ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an."

Ayùn náà dúró. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí fi nǹkan lu tábìlì, kò lù ú le, bí ẹni tó kàn ń gbọn lẹ́búlẹ́bú kúrò lára ọ̀bẹ. Mo ń kà á. Nígbà tó pé mẹ́fà, ó dúró.

Mo pe orúkọ rẹ̀. N kò pe Bọ̀ọ̀dá. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni mo pè, sókè, bí ẹni ń pe ọmọdé wọlé. Fóònù ti kú. Obìnrin tó ń ta irun yọjú sí mi, ó ní ta ni mò ń pè.